Ta Ló Ń Kọ̀wé fún Ọmọ Yorùbá? Láti Ọ̀dọ̀ Ọdúnjọ Títí Dé Ọ̀dọ̀ Tomi Adeyemi

Ìtàn la tún gbé dé. Ti ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe ìtàn ogun, kì í sì í ṣe ìtàn ọba. Ìtàn ìwé ọmọdé ni. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé rárá.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí London, sí Manchester, sí Houston, sí Toronto, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ Tomi Adeyemi. Bí ẹ kò bá tíì ka ìwé rẹ̀, ẹ á ti rí i níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi yín pé ta ni J. F. Ọdúnjọ, àwọn kan nínú yín á máa wò mí lójú. Ó dáa. Ẹ lọ bi màmá yín. Ẹ bi dádì yín. Kí ẹ tó parí ìbéèrè, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké ewì kan láti orí, tí wọ́n kọ́ ní kékeré, tí wọn kò sì gbàgbé.

Kí ló dé tí àwọn òbí yín fi ní ìwé tó wọ̀ wọ́n lára bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀yin kò ní irú rẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí nìyẹn. Ìdáhùn mi rèé: àwọn ìwé ọmọdé tó dúró pẹ́ jù lọ ní Yorùbá, ẹni tó jókòó ti ọmọ, tó ń wo ojú rẹ̀, tó mọ ohun tó yé e àti ohun tí kò yé e, ni ó kọ wọ́n. Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ìwé tó dé, ọmọ Yorùbá ti ní lítíréṣọ̀ tirẹ̀. Àlọ́ ni. Lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, àgbà kan á jókòó, àwọn ọmọ á yí i ká. Wọ́n á kọ́kọ́ fi àlọ́ àpamọ̀ jí ọpọlọ wọn, kí wọ́n tó bọ́ sórí àlọ́ àpagbè. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: àpagbè. Ẹnì kan ń pa á, àwọn yòókù ń gbè é. Bí Ìjàpá bá dé ibi tó ti fẹ́ lo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, orin á wọlé, àwọn ọmọ ló sì ń gbe orin náà. Bí wọn kò bá gbè é, ìtàn á dúró. Ọmọdé kì í ṣe ẹni tó kàn ń gbọ́. Òun náà ní ipa nínú àlọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ìwé dé pẹ̀lú àwọn ìjọ. Samuel Àjàyí Crowther ni orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì mú un lọ sí Freetown. Ní 1843, ó tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ó sì wà lára àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ní iléèwé ìjọ, ọmọ á kọ́ ábídí, lẹ́yìn náà á bọ́ sórí Ìwé Kíkà tí CMS ń tẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, kò yẹ ká fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí ọmọ lè ka Bíbélì àti ìwé orin, kí ó sì lè ṣiṣẹ́ akọ̀wé tàbí olùkọ́. Ọmọ tó fẹ́ gbádùn ìtàn, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ àgbà ló ṣì ní láti lọ jókòó sí.

Ìgbà tí àwọn olùkọ́ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá fúnra wọn gbé kálàmù ni nǹkan yí padà.

Wọ́n bí Joseph Fọláhàn Ọdúnjọ ní 1904, ní Ìbarà, Abẹ́òkúta. Olùkọ́ iléèwé Kátólíìkì ni, ẹni tó lo ọ̀pọ̀ ọdún níwájú kíláàsì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó wá sí London níbí láti kẹ́kọ̀ọ́ ní Institute of Education. Ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí ni Aláwìíyé. Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlérí: ẹni tó ń wí ọ̀rọ̀ kí ó lè yé èèyàn. Longmans ló tẹ̀ ẹ́, ó sì ń lọ ní ìpele ìpele, láti Ìwé Kìíní, tí ọmọ tí kò mọ lẹ́tà kankan lè bẹ̀rẹ̀, títí dé Ìwé Kẹfà. Bí ọmọ ṣe ń gòkè ní kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ń gòkè pẹ̀lú rẹ̀.

Nínú rẹ̀, ọmọ á bá àwọn ohun tó mọ̀ pàdé: ilé, oko, ọjà, ẹranko inú àlọ́, ìwà ọmọlúàbí. Ó tún bá ewì pàdé. Ewì tí Ọdúnjọ kọ nípa iṣẹ́ àti òṣì ni àwọn òbí yín ń ké yẹn. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ? Wọn kò jókòó jẹ́ẹ́ máa kà á lójú. Tíṣà á ké ìlà kan, gbogbo kíláàsì á ké e tẹ̀lé e, ogójì ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àpagbè nìyẹn, àpagbè tó kúrò lágbàlá tó wọ iléèwé. Ọdúnjọ kò pa ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tì. Ó gbé e sórí bébà lọ́nà tí ọmọ fi ṣì ní ohun tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn àádọ́ta ọdún.

Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà náà, olùkọ́ ni. Òkè-Igbó ni wọ́n bí i sí, ní 1903. Ó lọ sí St Andrew's College ní Ọ̀yọ́, ibẹ̀ náà ló sì padà ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké láti 1930 títí di 1939. Ní 1936, ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé ìdíje ìwé kíkọ kalẹ̀. Fágúnwà fi ìtàn kan ránṣẹ́. Ìtàn yẹn ni CMS tẹ̀ jáde ní 1938, òun sì ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Lónìí, ní yunifásítì ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nígbà tó kọ ọ́, kíláàsì ọmọdé ló ń tì bọ̀ lójoojúmọ́. Àwọn lámèyítọ́ máa ń sọ pé Fágúnwà fẹ́ràn ìwàásù jù, pé ìtàn á máa lọ geerege, òun á sì dá a dúró láti gbani níyànjú. Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni tíṣà ṣe máa ń ṣe tó bá rí i pé ọmọ tó wà lẹ́yìn ń wojú fèrèsé.

Kò fi ọ̀rọ̀ àwọn tó kéré gan-an sílẹ̀. Òun àti L. J. Lewis jọ kọ ìwé àkọ́kà tí wọ́n pè ní Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ẹ mú orúkọ ìwé yẹn dání, nítorí àwọn ìbejì kan ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká dé 1955. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní ọdún yẹn, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdúnjọ fúnra rẹ̀ wà nínú ìjọba náà, ó jẹ́ mínísítà ilẹ̀ àti iṣẹ́. Ní 1954, àwọn ọmọ tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé díẹ̀ ní 450,000. Ní 1955, wọ́n ti lé ní 800,000. Ọdún kan péré! Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ ìyá aláta, gbogbo wọn wọ kíláàsì, wọ́n sì nílò ìwé. Ibí ni ẹ ti máa mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bùn òǹkọ̀wé nìkan ló ń mú ìwé ọmọdé wà láàyè. Iléèwé ló gbé Aláwìíyé wọ inú ilé àwọn tí kò ra ìwé rí. Òǹkọ̀wé kọ ọ́, ìjọba kọ́ kíláàsì, tíṣà kà á, ọmọ ké e délé, ìyá tí kò mọ̀wé náà sì gbọ́ ọ. Okùn kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀.

Okùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tú nígbà tí a gba òmìnira. Láti ọdún 1960 lọ, àwọn òǹkọ̀wé tuntun yọjú tó ń kọ̀wé fún ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì. Cyprian Ekwensi tẹ The Drummer Boy jáde ní 1960. Kọ́lá Onadipe, ọmọ Ìjẹ̀bú, kọ The Adventures of Souza ní 1963 àti Sugar Girl ní 1964. Mabel Segun kọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ní 1965, òun náà ló sì dá ẹgbẹ́ lítíréṣọ̀ ọmọdé ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1978. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra èdè wọn. Ẹ wo ìṣirò náà: ìwé Yorùbá, apá kan Nàìjíríà ni wọ́n lè tà á sí, ìwé Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè tà á láti Èkó dé Enugu, dé Kaduna, dé Accra pàápàá. Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò tí yóò gbé ọmọ dé ibi iṣẹ́. Ibi tí owó àti ìdánwò bá wà, ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ń lọ.

Síbẹ̀, àwọn kan kò kúrò nínú Yorùbá. Kọ́lá Akínlàdé kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, tí Akin Olúṣínà ń tú àṣírí àwọn apààyàn nínú wọn. Ìwé rẹ̀ Owó Ẹ̀jẹ̀ gba orí ìjókòó kíláàsì gírámà kan tọ èkejì lọ. Adébáyọ̀ Fálétí gbé Ọmọ Olókùn Ẹṣin jáde ní 1969. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Yorùbá kò ní ìwé àwọn ọ̀dọ́, ẹ sọ fún un pé ó ní, pé iléèwé ló dẹ́kun àtimáa gbé e fún wọn.

Àwọn ará Ifẹ̀ tilẹ̀ gbìyànjú láti tún okùn náà so. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú iléèwé kan ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì dúró bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, pẹ̀lú olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun fún gbogbo kíláàsì, torí pé irú rẹ̀ kò sí. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ṣe dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹlẹ̀ sí ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ètò náà kò tàn kálẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1986, tí ètò SAP dé, tí náírà já wálẹ̀, bébà àti ìwé ti gbówó lórí. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nílé nìyẹn.

Ó wá ku tiwa, níbí. Ọ̀pọ̀ òbí tó kó wá sí Britain àti Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980 àti 1990 pinnu pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan làwọn á máa bá ọmọ sọ. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ọmọ má bàa rẹ̀yìn. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn dàgbà, wọ́n wọ láíbìrì, wọ́n wá ojú ara wọn nínú ìwé, wọn kò rí i. Ibi tí àwọn òǹkọ̀wé òkè òkun ti wọlé nìyẹn.

Atinuke, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì ń gbé ní Wales, apàlọ́ ni kó tó di òǹkọ̀wé. Ìwé rẹ̀ Anna Hibiscus jáde ní 2007. Ọmọbìnrin kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, nínú agbo ilé ńlá kan ní Áfíríkà, pẹ̀lú ìyá àgbà, bàbá àgbà, àwọn àǹtí àti àwọn ọ̀ǹkù. Ará Kánádà ni ìyá rẹ̀. Ìwé yẹn dùn. Agbo ilé wa gan-an ló wà níbẹ̀, ìfẹ́ wà níbẹ̀, ọmọ kékeré tó bá kà á á mọ̀ pé kì í ṣe ìyà nìkan ni wọ́n ń jẹ ní Áfíríkà. Àwọn àbúrò Anna jẹ́ ìbejì. Orúkọ wọn ni Double àti Trouble.

Ẹ rí i bí? Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, láti Táíwò àti Kẹ́hìndé títí dé Double àti Trouble. N kò fi bú Atinuke o. Ó ń kọ̀wé fún ọmọ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ náà sì ń pa ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú orúkọ àkọ́kọ́. Táíwò ló kọ́kọ́ jáde láti tọ́ ayé wò. Kẹ́hìndé ló dé gbẹ̀yìn, síbẹ̀ Yorùbá ní òun ni ẹ̀gbọ́n, torí òun ló rán Táíwò níṣẹ́. Ọ̀nà tí àwọn èèyàn kan gbà ń ronú nípa ta ni àgbà wà nínú orúkọ méjì. Ọmọ tó gbọ́ Táíwò àti Kẹ́hìndé á béèrè pé, “Kí ló dé tí ẹni tó kẹ́yìn fi jẹ́ ẹ̀gbọ́n?” Ìbéèrè yẹn ni ilẹ̀kùn. Gẹ̀ẹ́sì lè fi agbo ilé wa han ọmọ, kò rọrùn fún un láti ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ Tomi Adeyemi. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1993. Ó ti sọ ní gbangba pé àwọn òbí òun kò kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá. Ìgbà tó lọ sí Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ló rí àwòrán àwọn òrìṣà nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹ ro ó wò: àwọn òrìṣà tó bá àwọn baba ńlá wa wọ ọkọ̀ ẹrú dé Bahia, àwọn ló wá pàdé ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ ni Children of Blood and Bone ti wá, tó jáde ní 2018 tó sì di ìwé tí àwọn ọ̀dọ́ kárí ayé ń kà.

Kí ló wà nínú ìwé náà? Ọba kan pa àwọn tó ní agbára, ó sì fòfin de èdè wọn. Yorùbá ni èdè náà. Zélie, ọmọbìnrin inú ìtàn, kò lè lo agbára rẹ̀ àfi kó pe ọfọ̀ ní Yorùbá, èdè tí wọ́n gbà lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré. Lójú tèmi, ìwé yẹn sọ ìtàn ìran yín ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Ọmọ tó ń wá ọ̀rọ̀ tí kò délẹ̀ sí ẹnu rẹ̀, tó mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tòun. Àmọ́ ẹ wò ó pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ gbogbo ìyókù. Ọ̀dọ́ tó bá pa ìwé náà dé ti mọ̀ pé Yorùbá ní agbára, kò sì tíì lè fi Yorùbá tọrọ omi.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fọkàn bá mi lọ. Àwọn kan á ní, “Ó tán, ẹ jẹ́ ká ra Aláwìíyé fún àwọn ọmọ.” Ẹ rà á, ó dáa. Ṣùgbọ́n Ọdúnjọ kọ ọ́ fún ọmọ tó ti ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ìwé kíkà nìkan ló kù kó kọ́. Ọmọ tiwa níbí mọ ìwé kà, Yorùbá ló kù kó gbọ́. Iṣẹ́ náà ti dorí kodò. Ọmọ Abẹ́òkúta tó bá rí “oko” àti “ọkọ” lórí ìwé, etí rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọmọ Peckham, ẹ gbọ́dọ̀ fi ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ hàn án pẹ̀lú àmì ohùn wọn pátá, kí ẹ sì pè é sí i létí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á gbé ọkọ́ fún ẹni tó béèrè ọkọ̀. Ọmọ yẹn nílò gbólóhùn kúkúrú fún ọpọlọ ọmọ ọdún mẹ́wàá tí Yorùbá rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò fẹ́ ka ìtàn bọ́ọ̀lù pupa. Ó fẹ́ ka ìtàn ọ̀rẹ́ tó dà á, ti bọ́ọ̀sì tó gbé e kọjá ibi tó ń lọ, ti ìyá àgbà tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp tí kò gbọ́ ìdajì rẹ̀.

Ta ló mọ ọmọ yẹn? Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà ní Ìbàdàn kò mọ̀ ọ́n. Àwọn òbí yín pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, torí wọn kò jẹ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ ti jókòó níbi ìsọmọlórúkọ tí gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, tí ẹ ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń yọ́ mọ́ yín lẹ́nu. Ọdúnjọ wo kíláàsì rẹ̀, ó kọ̀wé. Fágúnwà wo tirẹ̀, ó kọ̀wé. Kíláàsì yín ni àwọn ọmọ tó wà nílé yín àti nínú iléèwé Yorùbá ọjọ́ Sátidé. Ẹnikẹ́ni kò lè bá yín wo ojú wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ lọ́kàn pé, “Yorùbá tèmi kò dán mọ́rán, kí ni mo fẹ́ kọ?” Ẹ pe ìyá àgbà. Ẹ ní kó pa àlọ́ kan fún yín, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kúkúrú, kí ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ dáadáa bá yín fi àmì sí i. Àmọ́ ẹ má yọ orin rẹ̀ kúrò o! Ibi orin yẹn ni ọmọ ti máa dáhùn. Bí ọmọ kò bá tíì lè sọ gbólóhùn kan pé, á lè gbe orin. Ọmọ tó bá ń gbè é ti wọ inú ìtàn nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A máa ń pa òwe yẹn fún ọmọ aláìgbọràn. Lónìí, òbí ni mo fi pa á fún. Ilé wà, àwọn kan ti kọ́ ọ sílẹ̀. Ọmọ ló kù.

Ẹ bá wa kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò yìí: àlọ́ wo ni wọ́n pa fún yín ní kékeré, orin wo ló sì wà nínú rẹ̀? Bó jẹ́ ìlà kan péré lẹ rántí, ẹ kọ ọ́. Ẹlòmíì lè mọ ìyókù.